ÌYÁ TÓ SỌNÙ TÍ A SÌ RÍ: ÌTÀN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI ÌDÍLÉ RẸ̀

  

Bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń rántí ni pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńglíkà fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, àti pé òun ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè la fẹ́ sọ lónìí. Inú ilé rẹ̀ la fẹ́ mú yín wọ̀, kí ẹ lè rí i bí oore-ọ̀fẹ́ àti ìfẹ́ Ọlọ́run ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín ìyá àti ọmọ, ọkọ àti aya. Ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn án ní Olùrànlọ́wọ́.

ÌLÚ ÒṢOÒGÙN

Ìlú Òṣoògùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1807. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé là ń sọ bẹ́ẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé wọn kò yàtọ̀ sí ilé yòókù nígbà náà: bàbá wà, ìyá wà, àwọn àbúrò wà, oúnjẹ sì wà lórí iná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ò tíì jinná, ariwo ta pé ogun ti dé. Àwọn ọmọ ogun Fúlàní àti àwọn ọmọ Yorùbá tó dara pọ̀ mọ́ wọn ti yí ìlú ká. Bàbá Àjàyí sáré wálé, ó ní kí aya àti àwọn ọmọ sá, òun fúnra rẹ̀ sì padà sójú ìjà. Ìgbà tí wọ́n fojú kàn án kẹ́yìn nìyẹn. Àfàlá kó àwọn ọmọ rẹ̀, Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, wọ́n sá wọ igbó. Níbẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni so ewúrẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ, iná ń jó ilé wọn lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tó yá tí ẹṣin náà kò wu ẹni tó gbà á mọ́, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ padà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará! Ọmọ tí ìyá kan lóyún fún oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń fi dúnàádúrà bẹ́ẹ̀.

Ìyá àti ọmọ tún rí ara wọn fún ìgbà díẹ̀ nínú oko ẹrú, lẹ́yìn náà wọ́n tún yà wọ́n. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń ta ọmọ yìí lọ sí ìhà òkun. Ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó lè ṣe é. Ẹ ò rí i bí? Ọmọ tó fẹ́ kú náà ni Bíṣọ́ọ̀bù ọ̀la.

ILÉ TUNTUN NÍ SÀRÓ

Ní Èkó ni wọ́n ti tà á fún àwọn Potogí, wọ́n sì kó o wọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Myrmidon lé ọkọ̀ ẹrú náà bá, ó sì gba àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti bẹ àwọn ará ilé rẹ̀ fún kọ́bọ̀ díẹ̀ kó lè ra ìwé ABD. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther.

Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Nígbà tó tó aya fẹ́, Ọlọ́run fún un ní ẹnì kan tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àsanò ni orúkọ rẹ̀, Susan ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi. Òun náà jẹ́ ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó sì di olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1829. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ènìyàn méjì tí ogun ti fọ́ ilé bàbá wọn ni Olúwa so pọ̀ láti kọ́ ilé mìíràn. Ilé yìí ló fún wọn ní ọmọ ọkùnrin àti ọmọ obìnrin, tí wọ́n tọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìwé àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

Kì í ṣe ilé tí ọkọ máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ o. Ní ọdún 1841, Crowther bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rìnrìn àjò lórí Odò Ọya, àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà níbẹ̀ ní ọdún 1843. Ní gbogbo àkókò yìí, aya ló ń di ilé mú. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, a rí yín nínú ìtàn yìí. Ọkọ ló ń gba oyè, ṣùgbọ́n ẹrù ilé náà kò fúyẹ́.

ỌJỌ́ 21 OṢÙ KẸJỌ ỌDÚN 1846

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845, Crowther àti ìdílé rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn òjíṣẹ́ CMS mìíràn, Townsend àti Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Àṣé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú. Ọ̀nà dí. Bí ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sí Àgbádárìgì. Bó bá jẹ́ àwa ni, bóyá a ti sọ pé Ọlọ́run kò rán wa. Àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wàásù, wọ́n sì ń dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1846, wọ́n wọ Abẹ́òkúta.

Wọn ò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí ìròyìn fi dé etí ìyá àgbà kan nítòsí pé ọmọ Òṣoògùn kan wà lára àwọn òjíṣẹ́ tó dé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ìyá náà dìde, arákùnrin Crowther kan tẹ̀lé e, wọ́n wá a wá. Nígbà tó rí i, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá tí ìyà ti jẹ gbẹ. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé nígbà kékeré. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá láti ìgbà tí okùn ti wà lọ́rùn àwọn méjèèjì.

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ Crowther tó máa ń fún un ní ẹsẹ Bíbélì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ tó bọ́ sí ọjọ́ náà wá láti inú Sáàmù 10, ẹsẹ 14, níbi tí a ti ń pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò tíì mọ agbára ẹsẹ náà rí bí òun ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò padà wálé láti ojú ogun ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

HÁNÀ, ÌYÁ SÁMÚẸ́LÌ

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí ohun tó tẹ̀lé e. Ìyá yìí kò tíì mọ Kristi. Ìsìn àwọn baba rẹ̀ ló dàgbà sí. Ọmọ rẹ̀ sì ti di àlùfáà, ó ti rí London, ó ń wọ aṣọ òyìnbó. Ì bá lè tijú ìyá rẹ̀, kò tijú rẹ̀. Ó gbà á bí ìyá, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ń dé etí ìyá náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá pẹ̀lú àwọn àkọ́so ìjọ ní Abẹ́òkúta. Hánà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí Sámúẹ́lì ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Hánà inú Bíbélì ló mú Sámúẹ́lì wá sí ilé Olúwa. Níhìn-ín, Sámúẹ́lì ló mú Hánà wá.

IṢẸ́ ÀTI ỌJỌ́ ALẸ́ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ oyè rẹ̀ kò ní pẹ́ wa lẹ́nu. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọ̀gágun tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822 wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ Abigail bí Herbert Macaulay, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Bàbá ọmọ náà, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ní ti Bíbélì Yorùbá, Crowther kì í fi ìwé nìkan ṣe é, ó máa ń tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1884, odindi Bíbélì wà ní èdè wa. Òun náà ni àwọn bàbá Aládùúrà gbé dání tí wọ́n fi ń gbàdúrà lórí òkè.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kò dùn tán. Àwọn ọ̀dọ́ òjíṣẹ́ òyìnbó kan dé sí Odò Ọya, wọ́n ń fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé kan ní Onitsha, bàbá arúgbó yìí fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó pè é ní bàbá nínú Olúwa dà? Ọmọ tó bí kò fi í sílẹ̀. Dandeson, tó jẹ́ Archdeacon, dúró tì í, òun ló sì ń darí iṣẹ́ ìjọ ní agbègbè Niger Delta lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, ọjọ́ tí ọdún fi parí, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sùn nínú Olúwa ní Èkó.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, Ọlọ́run kì í gbàgbé ìdílé. Bó pẹ́ bó yá, ó lè mú ohun tó sọnù padà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti lọ sí ìlú òkèèrè tí ẹ ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ẹ má dákẹ́ àdúrà. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ kọ lẹ́tà sílé!

Èkejì, sùúrù ni a fi ń mú ẹbí wá sọ́dọ̀ Kristi. Ọdún kan àtààbọ̀ ló wà láàárín ọjọ́ tí Crowther rí ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀. Ilé tí ariwo àti èébú bá wà, ìwàásù kì í wọ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tó sì ká wa lára jù lọ. A mọ̀ pé nínú ìjọ Aládùúrà, a gba ìran gbọ́, a kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún ìbùkún, tí ìyá wọn sì wà lábúlé tí wọn ò fojú kàn láti ọdún méjì, nítorí pé ẹnì kan ní òun ríran pé ọwọ́ ìyá náà kò mọ́. Ẹ̀yin ará, Jòhánù Kìíní orí 4 ní kí a dán àwọn ẹ̀mí wò. Ìran tó bá sọ ìyá tó wẹ̀ wá, tó pọ̀n wá, di ọ̀tá fún wa, ká rọra gbé e sórí ìwọ̀n. Crowther rí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ abọ̀rìṣà, ó di í mú, ó sunkún. Ìfẹ́ yẹn ni Ọlọ́run lò tí Àfàlá fi di Hánà. Bó bá ti sá fún un, ta ni ìbá mú un wá?

Nítorí náà, lẹ́yìn àjọ̀dún yìí, kí olúkúlùkù wa ro ẹni kan nínú ẹbí rẹ̀ tí àárín wọn ti dàrú, kó sì wá onítọ̀hún lọ. Kí àdúrà òwúrọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ má kú nínú ilé wa. Kí ọkọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ aya tó di ilé mú.

Ọlọ́run tó so Àfàlá àti Àjàyí pọ̀ ní Abẹ́òkúta, kó so ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀ nínú ìjọ yìí. Ìyá tó ń wá ọmọ, kó rí ọmọ. Ọmọ tó ń wá ìyá, kó bá a láàyè. Kí a má fi ẹkún rántí ara wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, Àmín, Àṣẹ.