Josiah Olúfẹ́mi Akíndayọ̀mí

Josiah Olúfẹ́mi Akíndayọ̀mí (1909 – 1980) jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òun ni olùdásílẹ̀ ìjọ The Redeemed Christian Church of God, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Rìdíìmù. Ọdún 1952 ni ó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́bàá Yábàá, ní ìlú Èkó. Kí ó tó di olórí ìjọ, ọdún méje ni ó fi sá fún ìpè tó gbà pé Ọlọ́run ń pe òun, kí ó tó ronú pìwà dà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìdílé Akíndayọ̀mí ní Oǹdó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1909. Àárín àwọn abọ̀rìṣà ni ó dàgbà sí. Kò mọ̀wé kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń fà sí mímọ Ọlọ́run tó dá ayé àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ìwákiri yìí ló gbé e dé ìjọ C.M.S., níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1927. Ìrìbọmi náà kò fi òpin sí ìwákiri rẹ̀. Ní ọdún 1931, ó darapọ̀ mọ́ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ìjọ aládùúrà tí Moses Orímọ́ládé Túnọ̀láṣẹ àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925.

Ọdún méje tó fi sá fún ìpè

Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni Akíndayọ̀mí wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan nínú ọkàn rẹ̀ pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni òun yóò jẹ́. Èyí kò sí nínú èrò rẹ̀. Òwò ni ó fẹ́ máa ṣe, ó sì kọ etí dídi sí ohùn náà.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ìjọ rẹ̀ ń sọ, ọdún méje gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà bẹ́ẹ̀. Gbogbo òwò tó dáwọ́ lé ni kò yọrí sí rere. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìbàlẹ̀ ọkàn sì di àwátì fún un.

Yíyà kúrò lọ́nà Ọlọ́run tí ìtàn yìí ń sọ kò dà bí ti ọmọ onínàákúnàá inú Bíbélì, ẹni tó kó ogún rẹ̀ kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Ti wòlíì Jónà ni ó jọ. Jónà mọ Ọlọ́run, ó sì gbọ́ ohun tí Ọlọ́run rán an, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Akíndayọ̀mí pẹ̀lú kò fi ilé àdúrà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi rán an ni ó sá fún.

Ìrònúpìwàdà rẹ̀

Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó lè gbójú lé mọ́, Akíndayọ̀mí juwọ́ sílẹ̀. Ó gbà láti lọ sí ibikíbi tí Ọlọ́run bá rán an. Ó béèrè àmì tí yóò fi dá a lójú pé Ọlọ́run ni ó ń pe òun. Ìtàn ìjọ náà sọ pé ibi mẹ́ta nínú Bíbélì ni ìdáhùn ti wá: Jeremáyà 1:4–10, Àìsáyà 41:10–13 àti Róòmù 8:29–31. Àkọ́kọ́ sọ nípa bí Ọlọ́run ṣe pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe àwáwí pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Èkejì jẹ́ ìlérí ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀kẹta sọ nípa àwọn tí Ọlọ́run ti yàn tó sì ti pè.

Ó gbà pẹ̀lú pé òun kò ní gba owó oṣù mọ́, àti pé Ọlọ́run ni yóò máa pèsè fún òun. Fún ẹni tí gbèsè ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láàmú, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ní ọdún 1941, ó gbé Esther Ẹgbẹ́dìrẹ níyàwó.

Ìdásílẹ̀ ìjọ

Ní ọdún 1947, ọkàn Akíndayọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú nípa àwọn ìṣe kan nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tó rí gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọdún márùn-ún kọjá kí ó tó yapa. Nígbà tó fi máa kúrò ní ọdún 1952, ó ti lo ọdún 21 níbẹ̀.

Ilé kejì-dín-ní-mọ́kànlá... ilé tó ń jẹ́ nọ́ńbà 9 ní Willoughby Street, Èbúté Mẹ́ta, ni òun àti ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ni wọ́n ń pe ara wọn. Ìtàn ìjọ náà sọ pé nínú ìran ni ó ti rí orúkọ tí ìjọ ń jẹ́ lónìí lára ohun tó jọ pátákó ìkọ̀wé, àti pé òun tí kò mọ̀wé ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọ ra ilẹ̀ ní Cemetery Street, ní Èbúté Mẹ́ta kan náà, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Redemption Way ni orúkọ òpópónà náà nísinsìnyí.

Arọ́pò rẹ̀

Ní ọdún 1973, Enoch Adéjàre Adébóyè, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, Yábàá, darapọ̀ mọ́ ìjọ náà. Ó di ọ̀kan lára àwọn tó ń túmọ̀ ìwàásù Akíndayọ̀mí láti èdè Yorùbá sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1975, wọ́n fi í jẹ pásítọ̀.

Ikú rẹ̀ àti ohun tó fi sílẹ̀

Akíndayọ̀mí kú ní ọdún 1980, ní ẹni ọdún 71. Awuyewuye wáyé lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ìwé tó ti fi èdìdì dì sílẹ̀ kí ó tó kú ni wọ́n kà, tí Adébóyè fi di alábòójútó àgbà ní ọdún 1981. Lónìí, ìjọ náà ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè káàkiri àgbáyé, àmọ́ Èbúté Mẹ́ta ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà.