Ọlá Rótìmí: akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe tí ọlá rẹ̀ wálé

Nínú àwọn ìtàn ìgbésí ayé tí à ń kó jọ, ti Ọlá Rótìmí ló kàn. Kì í ṣe ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà di òǹkọ̀wé eré kan àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì lónìí gbọ̀ngbọ̀n.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1938 ni wọ́n bí i ní Sàpẹ́lẹ̀, ní gúúsù Nàìjíríà. Emmanuel Gladstone Ọláwálé ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi. Ìjọ́ ni ìyá rẹ̀. Bàbá a máa darí eré, ìyá náà sì fẹ́ràn eré púpọ̀, nítorí náà àti kékeré ni ọmọ wọn ti mọ orí ìtàgé. Ó kàwé ní Port Harcourt, ó sì parí ilé ìwé gíga ní Methodist Boys' High School l'Ékòó.

Ní ọdún 1959 ó ré òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ó wọ Yunifásítì Boston láti kọ́ iṣẹ́ ọnà ìtàgé. Kó tó gba oyè kìíní ní 1963, wọ́n ti ṣe eré rẹ̀ kan níbẹ̀, To Stir the God of Iron. Ẹ kíyè sí àkọlé yẹn. Òyìnbó ni olùkọ́, òyìnbó ni èrò ìwòran, ṣùgbọ́n ọlọ́run irin ni akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé lọ́wọ́ lọ bá wọn, ẹni tí àwa ń pè ní Ògún.

Láti Boston ó lọ sí Yale. Àjọ Rockefeller ló ràn án lọ́wọ́ láti kọ́ bí a ṣe ń kọ eré, ó sì gba oyè kejì ní 1966. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣe Our Husband Has Gone Mad Again ní Yale, eré apanilẹ́rìn-ín nípa ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ṣọ́jà, tó wá di olóṣèlú, tí ìyàwó mẹ́ta sì dà á láàmú. Ní 1965 ó ti fẹ́ Hazel Mae Gaudreau, obìnrin tó kọ́ ẹ̀kọ́ orin.

Kò dúró sí Amẹ́ríkà. Ilé-Ifẹ̀ ló padà sí ní 1966, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbèrú pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun, tí ibùdó rẹ̀ wà láàárín ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe The Gods Are Not to Blame ní 1968. Ìtàn Oedipus tí Sophocles ará Gíríìkì kọ ni ó mú, ó sì gbé e wọ ilé Yorùbá: ọba di Ọdẹ́wálé, babaláwo ń dá Ifá, òwe àti oríkì sì gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà nígbà náà, ìkórìíra láàárín ẹ̀yà sì wà lára ohun tí eré náà ń bá wí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kurunmi, lórí ogun Ìjàyè, àti Ovonramwen Nogbaisi, lórí ọba Ìbíní.

Ní 1977 ó lọ máa kọ́ni ní Yunifásítì Port Harcourt. Eré rẹ̀ Hopes of the Living Dead dá lórí àwọn adẹ́tẹ̀ tó kọ̀ kí ìjọba lé wọn kúrò ní ilé ìwòsàn. Oríṣiríṣi èdè ni wọ́n ń sọ lórí ìtàgé, wọ́n sì ń túmọ̀ fún ara wọn kí wọ́n lè jìjà pọ̀. Ó tún kọ́ni ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990 kó tó padà sí Ifẹ̀. Ní 2000 ìyàwó rẹ̀ kú. Òun náà kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà.

Èmi akọ̀wé yín, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi dé yunifásítì, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú yín. Mo mọ bó ti rọrùn tó láti rò pé ilé ìwé ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Rótìmí kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, àmọ́ ilé ló ti bu ohun tó fi ṣiṣẹ́. Ìṣubú Kétu ní 1886, ẹnu ibodè Àkábà Ìdènà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa: eré ńlá wà nínú wọn, àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n dáadáa sì ń dín kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ eré, ì báà fi Faransé kọ ọ́, kó kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n, kó gbé ìwé àti kálàmù lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọlá ṣe ń wálé.