Boyd Alexander

Boyd Alexander (ọjọ́ 16 oṣù Kínní ọdún 1873 sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1910) jẹ́ ọ̀gá ológun, arìnrìn-àjò àti onímọ̀ nípa ẹyẹ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìrìn-àjò tí ó rìn láti Odò Ọya dé Odò Náílì láàárín ọdún 1904 sí ọdún 1907. Òun náà ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe ẹyẹ kékeré kan tí a ń pè ní Raso lark, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wádìí ìtàn ìran ẹyẹ nípasẹ̀ jínómù lóde òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Alexander ní Cranbrook, ní agbègbè Kent. Ìbejì ni. Ó kàwé ní Radley College, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1893. Ní ọdún 1899, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó wà lára àwọn ọmọ ogun tí wọ́n lọ yọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Aṣánti sé mọ́ Kùmásì lásìkò ogun Yaa Asantewaa.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹyẹ

Ní ọdún 1897, Alexander lọ sí àwọn erékùṣù Cape Verde, ní ìwọ̀-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà. Lórí Raso, erékùṣù gbígbẹ kan tí kò ju nǹkan bí kìlómítà méje níbùú lóròó lọ, tí ènìyàn kankan kò gbé, ó rí ẹyẹ kan tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé. Ó tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde ní ọdún 1898, ó sì fi orúkọ erékùṣù náà sọ ọ́ ní razae.

Ní ọdún 1902, ó lọ sí erékùṣù Fernando Po, tí a mọ̀ sí Bioko lónìí. Méjì lára àwọn ẹyẹ tí ó ṣe àpèjúwe wọn lẹ́yìn ìrìn-àjò yìí, Bradypterus lopezi àti Poliolais lopezi, ni ó fi orúkọ wọn yẹ́ José Lopes sí. Lopes ni ó máa ń bá a kó ẹyẹ jọ, tí ó sì ń tọ́jú awọ wọn. Ìbọn ni àwọn onímọ̀ ìgbà náà fi ń kó ẹyẹ jọ. Wọn a bọ́ awọ ẹyẹ tí wọ́n bá yìn, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Láti Odò Ọya dé Odò Náílì

Ní ọdún 1904, Alexander, Claud àbúrò rẹ̀, Ọ̀gágun G. B. Gosling, P. A. Talbot àti Lopes gbéra láti ẹnu Odò Ọya. Wọ́n gba Lọ́kọ́jà, wọ́n sì tọ Odò Bẹ́núé dé Ibi. Lára èrò wọn ni láti ya àwòrán ilẹ̀, láti wádìí adágún Chad, àti láti fi hàn pé ọkọ̀ ojú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba inú odò dé Náílì.

Ìrìn-àjò náà ná wọn ní ẹ̀mí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1904, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa Claud ní Maifoni, ní Bọ̀rnó. Talbot padà lẹ́yìn iṣẹ́ ní adágún Chad. Òun ni ó wá kọ ìwé The Peoples of Southern Nigeria, tí ó jáde ní ọdún 1926, tí ọ̀rọ̀ àwọn Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1906, ibà pa Gosling náà ní Niangara, ní ilẹ̀ Kóńgò. Alexander àti Lopes ni ó dé Náílì. Alexander kọ ìtàn ìrìn-àjò náà sínú ìwé From the Niger to the Nile ní ọdún 1907. Ní ọdún 1908, ẹgbẹ́ Royal Geographical Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà.

Ikú rẹ̀

Ní ìparí ọdún 1908, Alexander àti Lopes tún gbéra. Wọ́n ṣe iṣẹ́ lórí São Tomé, Príncipe àti Annobón, àti lórí òkè Kamẹrúùnù, kí wọ́n tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Wọ́n wọ agbègbè Wadai ní àkókò tí ogun ń lọ láàárín àwọn Faransé àti àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní Nyeri, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Chad òde òní, wọ́n sì pa Alexander níbẹ̀. Ẹni ọdún 37 ni. Lopes yè é. Wọ́n sin òkú Alexander sí Maifoni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Claud. Olive MacLeod, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, rìnrìn-àjò wá sí ibojì náà, ó sì kọ ìwé Chiefs and Cities of Central Africa, tí ó jáde ní ọdún 1912.

Ohun tí jínómù fi hàn

Ìrísí awọ, ìyẹ́ àti ẹnu ẹyẹ ni Alexander lè fi pín wọn sí ìran. Ṣùgbọ́n ẹyẹ méjì lè jọra kí wọ́n má jẹ́ ìran kan náà. Ìran méjì sì lè ti gun ara wọn kí ó má hàn lára wọn. Inú DNA ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ẹyẹ Emberiza goslingi, tí Alexander fi orúkọ Gosling sọ, ni wọ́n kà fún ìgbà pípẹ́ sí ẹ̀ka kan lára Emberiza tahapisi. Lẹ́yìn àyẹ̀wò DNA, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìran ọ̀tọ̀ ni.

Spizocorys, ìsọ̀rí ẹyẹ kan ní Áfíríkà, ni Alexander ka ẹyẹ Raso sí. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbé e lọ sí Alauda, DNA sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìbátan skylark ti Yúróòpù ni. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àpẹẹrẹ DNA 75, láti ara ẹyẹ Raso àti ìbátan rẹ̀ méjì. Wọ́n rí i pé apá ńlá lára àwọn kírómósómù mìíràn ti so mọ́ èyí tí ó ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Bí olùwádìí kò bá yọ apá yìí sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà lára àwọn abo lè mú un rò pé onírúurú àbùdá pọ̀ nínú ìran náà ju bí ó ṣe rí lọ.

Lẹ́yìn ìyọsọ́tọ̀ yìí, onírúurú àbùdá ẹyẹ Raso kéré sí ti àwọn ìbátan rẹ̀, síbẹ̀ ó pọ̀ ju ohun tí a lè retí lára ìran tí ó ti kéré níye tipẹ́tipẹ́. Èyí fi hàn pé ẹyẹ náà pọ̀ gan-an títí di ìgbà tí àwọn ènìyàn tẹ Cape Verde dó ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìyókù ìran ńlá kan ni Alexander bá lórí Raso. Ní ọdún 2018, wọ́n kó ẹyẹ 37 láàyè láti ibẹ̀ lọ sí Santa Luzia, erékùṣù tí ó wà nítòsí, kí wọ́n lè tún ibùgbé wọn àtijọ́ ṣe.