Henri Le Secq, Ẹni Tí Ó Kó Irin Àtijọ́ Jọ

Ní ìlú Rouen, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé, ilé ìsìn àtijọ́ kan wà tí a ń pè ní Saint-Laurent. Ní àkókò ìdìtẹ̀ ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1789 ni ìsìn dópin nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lónìí kò ní gbọ́ orin ìyìn. Irin ni yóò rí níwá àti lẹ́yìn. Yóò rí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo, yóò rí àmì tí àwọn oníṣòwò máa ń gbé kọ́ iwájú ilé ìtajà wọn, yóò rí ọgbà irin, àti irin ẹlẹ́wà tí a fi ń dá etí bálíkónì kí ènìyàn má baà ré bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orúkọ ìdílé Le Secq des Tournelles ni ilé náà ń jẹ́, nítorí pé ọkùnrin kan nínú ìdílé yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn irin náà jọ.

Ìlú Paris ni a ti bí Henri Le Secq ní ọdún 1818. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ ère gbígbẹ́ lọ́dọ̀ Pradier, lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán kíkùn lọ́dọ̀ Paul Delaroche. Níbẹ̀ ni ó ti bá Gustave Le Gray àti Charles Nègre pàdé, tí wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ní ìgbà náà, ọmọ tuntun ni iṣẹ́ fọ́tò yíyà láyé, nítorí ọdún 1839 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ ní Paris. Le Secq kọ́ ọ lọ́dọ̀ Le Gray, ẹni tí ó ń fi ìda kun bébà kí àwòrán lè hàn kedere lára rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè ṣe ní ìṣẹ́jú akàn.

Ní ọdún 1851, ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé yan ọkùnrin márùn-ún láti lọ ya àwòrán àwọn ilé náà, kí a lè mọ bí wọ́n ti rí àti ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe lára wọn. Le Secq jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìhà ìlà-oòrùn ni a rán an lọ, ó sì ya àwòrán àwọn ilé ìsìn ńlá tí ó wà ní Reims àti Strasbourg. Nípa báyìí, ojú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà, bí ojú àgbẹ̀ ti í mọ́ ewé oko rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń yí padà ní Paris. Ní ọdún 1853, Ọba Napoléon Kẹta fi Haussmann ṣe olórí ìṣàkóso ẹkùn ìlú náà, ó sì pàṣẹ pé kí ó tún un ṣe. Àwọn òpópónà tóóró di wíwó, a sì la títì gbọọrọ gbọọrọ. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wọ ìlú, èyí dára. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ ṣubú, irin ara wọn sì di pàǹtí.

Kí a tó lè mọ àdánù tí ó wà nínú èyí, ó yẹ kí a mọ bí a ti ṣe irin bálíkónì ìgbà náà. Alágbẹ̀dẹ a fi irin sínú iná ẹ̀ẹ́dú, a fi ẹwìrì fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n, a fi ẹmú gbé e lé orí owú, a sì lù ú kí ó tó tutù. Bí ó ti ń lù ú ni ó ń tẹ̀ ẹ́, tí ó ń ká a bí ìtàkùn, tí ó sì ń fẹ ẹnu rẹ̀ bí ewé. Ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ rántí: kí irin náà le tó láti dá ènìyàn dúró, kí ó sì ní àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi wọ ilé. Nínú àlàfo yìí ni ó ti ń dá ọnà. Nígbà ayé Ọba Louis Kẹrìnlá, apá ọ̀tún ọnà náà a máa bá apá òsì dọ́gba. Nígbà ti Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, ọnà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kiri bí ẹ̀ka igi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí ó wá di ìgbà ayé Le Secq, yíyọ́ irin dà sínú àwòṣe ti gbòde. Àwòṣe kan ṣoṣo lè bí ọgọ́rùn-ún bálíkónì tí kò yàtọ̀ síra. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ipa ọmọ owú lára rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1856, Le Secq fi iṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tẹra mọ́ kíkó irin àtijọ́ jọ. Ọkùnrin tí ìjọba ti rán níṣẹ́ ni ó wá ń ṣa ohun tí àwọn mìíràn kà sí pàǹtí. Kò yan ohun ńlá nìkan. Bí ó ti ń gba irin ọ̀ṣọ́ ni ó ń gba kọ́kọ́rọ́ lásán. Àwòrán lè fi bí ilé ti rí hàn wá, ṣùgbọ́n irin fúnra rẹ̀ nìkan ni ó lè fi ọwọ́ ẹni tí ó rọ ọ́ hàn.

Le Secq kú ní ọdún 1882, kò sì rí ilé tí a ó kó irin rẹ̀ sí. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Henri, kò tú àkójọ náà ká. Ó fi kún un, ó sì pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé tí a ṣe ní Paris ní ọdún 1900. Níkẹyìn, ó fi í ta ìlú Rouen lọ́rẹ, a sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní Saint-Laurent ní ọdún 1921. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọmọ yìí náà kú.

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń kọjá ní títì ni yóò gbójú sókè kí ó tó rí irin bálíkónì. Ní Saint-Laurent, ènìyàn lè súnmọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi rí ibi tí ọmọ owú ti bà á. A kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú àwọn alágbẹ̀dẹ náà mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò parun, nítorí pé ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ní àkókò tí àwọn ẹlòmíràn ń kó o dànù.