Georges Simenon: ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àṣírí ilé wọn

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí Maigret nínú tẹlifísọ̀n, commissaire tó ń mu páìpù, tí kì í kánjú. Georges Simenon ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ọkùnrin yìí gan-an la fẹ́ sọ lónìí, torí ẹni tó fi àṣírí ìdílé àti ìpànìyàn ṣe iṣẹ́ jẹun, ti ilé tirẹ̀ ò kéré.

Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n ti bí i, ní òru Jímọ̀ 13 oṣù kejì 1903. Àwọn òyìnbó kan gbà pé Jímọ̀ tó bá bọ́ sí 13 kì í ṣe ọjọ́ ire. Ẹ̀rù ba Henriette, ìyá rẹ̀, ló bá ní kí bàbá ọmọ lọ sọ ní mairie pé ọjọ́ 12 ni. Bí irọ́ ṣe wọ ìwé ìbí ọmọ náà nìyẹn.

Ní 1906, ìyá bí Christian. Láti ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àbúrò ni ìfẹ́ ìyá wà. Georges mọ̀ ọ́n lára, kò sì gbàgbé títí ó fi darúgbó.

Ó ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó lọ sí Paris ní 1922. Ní 1931 Maigret jáde, òkìkí kàn. Ìwé Maigret nìkan tó 75, a ò tíì ka àwọn yòókù mọ́ ọn! Orí kan lójúmọ́ ló máa ń kọ. (Àwa tí ojú ewé kan ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kan, kí la fẹ́ wí?)

Christian ní tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Matadi, ní Kóńgò. Nígbà tí Jámánì gba Bẹ́ljíọ̀mù lójú ogun, ó wọ ẹgbẹ́ Rex, àwọn tó ń bá Jámánì ṣe. Ní oṣù kẹjọ 1944, wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn. Ni àwọn Rex bá jáde lóru láti gbẹ̀san ní agbègbè Courcelles, wọ́n ń fa èèyàn jáde nínú ilé. Àwọn tí wọ́n pa lé ní 20. Christian wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n ó ti sá lọ.

Kí ni ẹ̀gbọ́n ó ṣe? Àbúrò ẹni ni, ẹ̀jẹ̀ èèyàn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Georges ò fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Ó gbà á níyànjú pé kó fi orúkọ mìíràn wọ Légion étrangère, àwọn ọmọ ogun Faransé tó máa ń gba àlejò nígbà náà láìbéèrè ohun tó gbé e wá. Christian lọ. Ní 1947, ogun Indochine pa á.

Ìyá ò dárí jì í. Lójú tirẹ̀, Georges ló rán ọmọ òun lọ síbi ikú. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ sí i létí pé ó dun òun pé Christian ni ikú mú, kì í ṣe òun Georges. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá!

Ní 1949, Georges, tó ń gbé Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé Le Fond de la bouteille jáde. Agbẹjọ́rò kan ń jẹ ayé ẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò. Lọ́jọ́ òjò kan, àbúrò rẹ̀ tó sá kúrò lẹ́wọ̀n dé sí i lọ́rùn. Odò kún, kò sẹ́ni tó lè sọdá. Ẹ̀gbọ́n fi orúkọ èké pè é níwájú àwọn aládùúgbò, ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń gbóná. Ṣé yóò fà á lé wọn lọ́wọ́ ni, àbí yóò bá a wọ odò? A ò ní sọ bó ṣe parí. Lójú tiwa, ìwé yìí sún mọ́ ilé Simenon ju gbogbo Maigret lọ.

Ní 1970, Henriette ń kú lọ ní ilé ìwòsàn kan ní Liège. Georges wá láti Súwísì, ibi tí òun náà kú sí ní 1989, ó jókòó tì í fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè bára wọn sọ níbẹ̀ ló kọ sínú Lettre à ma mère ní 1974. Ó rántí owó tó ti ń fi ránṣẹ́ sí i láti ọdún pípẹ́. Ìyá ò ná an. Ó kó o jọ, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún un.