Robert Johnson: Kì í ṣe Sátánì ló kọ́ ọ ní gìtá, ìdánrawò òru ni

Títí di òní, bí wọ́n bá ti dárúkọ Robert Johnson láàrin àwọn tó ń ta gìtá káàkiri ayé, ìtàn kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ ìpínlẹ̀ Mississippi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, lọ sí oríta kan ní ọ̀gànjọ́ òru, pé ó bá Sátánì pàdé níbẹ̀, ó ta ẹ̀mí rẹ̀ fún un, ìyẹn sì gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a tún okùn rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọ̀gá lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Wọ́n ti fi ta àwo orin, wọ́n sì ti fi ṣe fíìmù. Àmọ́ bí èèyàn bá tú ìgbésí ayé ọkùnrin náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí yóò rí níbẹ̀ ni ọmọ tálákà kan tí wọ́n fi ṣẹ̀sín, tó lọ fara balẹ̀ kọ́ṣẹ́, tó sì ń sọ òru di ọ̀sán títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá ní Sátánì ló ṣe é fún un ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Ìlú Hazlehurst, ní gúúsù Mississippi, ni wọ́n ti bí i. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn òpìtàn fẹnu kò lé lórí ni ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, ọdún 1911. Julia Dodds ni orúkọ ìyá rẹ̀. Káfíńtà tó ń ṣe àga àti tábìlì, tó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀, ni Charles Dodds tó jẹ́ ọkọ obìnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti àwọn aláwọ̀ funfun kan tí àwọn náà ní ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn jàǹdùkú fẹ́ pa á, ló bá sá lọ sí ìlú Memphis, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Spencer. Lẹ́yìn èyí ni Julia bí Robert fún ọkùnrin mìíràn, alágbàṣe oko kan tó ń jẹ́ Noah Johnson.

Inú ìrìnkèrindò ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó lo ọdún mélòó kan ní ilé Spencer ní Memphis, níbi tó ti lọ sí ilé-ìwé, kó tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní agbègbè Delta, nítòsí Robinsonville. Oko òwú ló pọ̀ jù níbẹ̀, Dusty Willis tí ìyá rẹ̀ fẹ́ sì ń retí kí ọmọ náà bá òun ṣiṣẹ́ oko. Iṣẹ́ oko kò wu Robert. Orin ló wà lọ́kàn rẹ̀. Fèrè hàmóníkà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n fọn, kó tó gbé gìtá.

Ní oṣù kejì, ọdún 1929, ó gbé Virginia Travis níyàwó, ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ayọ̀ ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Ní ọdún 1930, Virginia kú sórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ. Láyé ìgbà náà, orin Sátánì ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pe orin bulúùsì. Nítorí náà, lára àwọn ẹbí obìnrin náà gbà pé Ọlọ́run ló ń fìyà jẹ Robert nítorí irú orin tó yàn láti máa kọ. Ọmọ ọdún 18 tàbí 19 péré ni nígbà tí ọ̀fọ̀ méjì ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún di ẹ̀bi rẹ̀ rù ú.

Ọdún yẹn náà ni Son House, gbajúgbajà olórin bulúùsì, kó wá sí Robinsonville, tí òun àti Willie Brown jọ ń ṣeré níbi ijó alẹ́ Sátidé. Robert kì í fẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Bí àwọn ọ̀gá bá ti gbé gìtá sílẹ̀ láti sinmi, òun á gbé e, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Gẹ́gẹ́ bí Son House ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ariwo lásán ló ń jáde níbẹ̀. Àwọn tó wá jó á máa bínú, wọ́n á ní kí ẹnì kan lọ gba gìtá lọ́wọ́ ọmọ náà kó tó ya àwọn ní wèrè. Son House bá a wí títí. Nígbà tó yá, wọn kò rí ọmọkùnrin náà mọ́.

Kò lọ sí oríta kankan. Ìtòsí Hazlehurst tí wọ́n ti bí i ló padà sí. Ní Beauregard, ìletò kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ló ti bá Ike Zimmerman pàdé, onígìtá kan tí òkìkí rẹ̀ kò kọjá agbègbè rẹ̀, tí kò sì fi ohùn sínú àwo kankan. Zimmerman gbà á sílé bí ọmọ, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọbìnrin Zimmerman ló sọ fún àwọn olùwádìí, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, pé àwọn méjèèjì máa ń gbé gìtá lọ sí itẹ́ òkú lóru, wọ́n á jókòó sórí sàréè, wọ́n á sì máa ta á. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì sí ẹni tí ariwo wọn máa dí lọ́wọ́ oorun. Ẹni tí wọ́n ti fi àṣìta ṣẹ̀sín lójú agbo rí, kò sí ibi tó tún dára fún un ju ibi tí kò ti sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín lọ.

Kí ni ohun náà gan-an tó gba irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀? Lásìkò yẹn, àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ilé ijó máa ń fi ọwọ́ òsì tẹ bèèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń rìn lọ láìdúró bí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ń dá orin. Ohun tí Robert Johnson di olókìkí fún ni bó ṣe gbé iṣẹ́ ọwọ́ òsì olódùùrù yìí wá sórí gìtá. Okùn 6 ló wà lára gìtá. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló ń lu àwọn okùn nínípọn tó wà lókè fún bèèsì, àwọn ìka yòókù sì ń fa àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti dá ohùn olórin lóhùn. Ní ọwọ́ òsì, ìka kan á tẹ okùn ní àlàfo kejì lára ọrùn gìtá, òmíràn á nà dé àlàfo kẹrin, á sì tún padà, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí ìwọ̀n 12 tí wọ́n fi ń ka ẹsẹ orin bulúùsì kan yóò fi pé.

Létí, ohun kékeré ni. Lọ́wọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Àtàǹpàkò kì í fẹ́ dá rìn. Bí àwọn ìka yòókù bá ti sáré, òun náà á fẹ́ sáré; bí wọ́n bá dúró, á fẹ́ dúró. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ gìtá fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mú bèèsì nìkan, kó máa ta á jẹ́jẹ́, ohùn kan lẹ́yìn èkejì, títí àtàǹpàkò yóò fi máa rìn láìjẹ́ pé ọkàn ń darí rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó fi ìka kan kún un, lẹ́yìn náà èkejì. Bí bèèsì bá ṣì tún kọsẹ̀, kó dín eré kù. Ẹni tó bá fi ìkánjú kọ́ ọ, àṣìṣe náà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀, àtitú u sì nira ju àtikọ́ ọ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ó lé ní ọdún kan tí Robert fi wà ní agbègbè Hazlehurst. Lálẹ́ Sátidé kan, Son House àti Willie Brown ń ṣeré lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí i tó wọlé, gìtá ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Son House fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó dìde fún un lórí àga. Ìgbà tí ọmọ náà ta gìtá tán, àwọn ọ̀gá méjèèjì la ẹnu sílẹ̀, wọn kò lè pa á dé. Ẹni tí wọ́n ń lé kúrò nídìí gìtá ti kọjá wọn.

Níwọ̀n bí wọn kò ti rí òru itẹ́ òkú, wọ́n wá àlàyé mìíràn fún ohun tí wọ́n rí. Ìtàn oríta yẹn gan-an kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olórin bulúùsì mìíràn, Tommy Johnson, tí kò bá a tan rárá, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ LeDell sọ ọ́ mọ́, kí àwọn èèyàn tó wá gbé e wọ Robert lọ́rùn. Nínú orin tí Robert fúnra rẹ̀ kọ nípa oríta, arìnrìn-àjò kan ló kúnlẹ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run fún àánú, tí kò sì rí ọkọ̀ tó máa gbé e. Kò sí májẹ̀mú Sátánì kankan níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan sì ti tọ́ka sí i pé láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀wọ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń fún oríta ti wá, nítorí pé oríta ni ibùjókòó Èṣù láàrin Yorùbá, àti Legba láàrin àwọn Fọ̀n àti Ewé. Òjíṣẹ́ àti onílànà ni òrìṣà yìí, kì í ṣe Sátánì inú Bíbélì. Àṣìpè yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá.

Láti ìgbà náà ni Robert Johnson ti di arìnrìn-àjò. Ó dé Helena ní ìpínlẹ̀ Arkansas, níbi tó ti kọ́ Robert Lockwood, ọmọ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, ní gìtá. Òun àti Johnny Shines jọ rìn dé Chicago, New York àti ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1936, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Gunter, ní ìlú San Antonio, ní Texas. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1937, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Dallas. Orin 29 ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó tà jù nígbà ayé rẹ̀ ni Terraplane Blues, tí wọ́n ní ó tó 5,000 tó tà. Nínú Sweet Home Chicago àti I Believe I'll Dust My Broom ni bèèsì tó ń rìn yẹn ti hàn kedere jù.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1938, ó kú nítòsí Greenwood, Mississippi, lẹ́ni ọdún 27. Ọ̀pọ̀ gbà pé májèlé ni wọ́n fún un mu nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin. Nínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ tí olùwádìí kan rí ní ọdún 1968, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òkúta ìrántí rẹ̀ wà lónìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, John Hammond fẹ́ kó wá ṣeré ní gbọ̀ngàn Carnegie ní New York. Òkú ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Big Bill Broonzy ló rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé àwo orin olóògbé náà 2 sí i fún àwọn èrò láti gbọ́.

Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ Columbia kó lára àwọn orin rẹ̀ jọ sínú àwo ńlá kan. Àwo náà dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Eric Clapton wà lára wọn. Keith Richards, ti ẹgbẹ́ Rolling Stones, ti sọ ọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun gbọ́ orin ọkùnrin náà, òun béèrè ta ni ẹnì kejì tó ń bá a ta gìtá. Kò sí ẹnì kejì. Àtàǹpàkò ló ń dá bèèsì rìn. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo orin rẹ̀ jáde ní ọdún 1990, ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gìtá tó fẹ́ kọ́ orin rẹ̀ ṣì ń bẹ̀rẹ̀ níbi kan náà: bèèsì nìkan, jẹ́jẹ́, kí àwọn ìka yòókù tó dá sí i. Ọ̀nà tí kò sí ní oríta nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ ọ́ yóò rìn ín ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀.