Oṣù Ẹrẹ́nà Dé, Ẹ Rántí Dúró Ládípọ̀

 Mo mọ̀ pé láìpẹ́, fọ́tò aṣọ ọdún Àjíǹde ló máa gba gbogbo gúrúpù wa kan. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọmọ ìlú wa kan tí orin Àjíǹde dá wàhálà sí lọ́rùn.

Òṣogbo ni wọ́n bí Dúró Ládípọ̀ sí lọ́dún 1931. Kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ló sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Ọmọ wo ló máa gbé àárín oníṣàngó àti ọlọ́ṣun tí ìlù ò ní wọ̀ ọ́ lára? Ó di tíṣà, ó sì ń kọ orin.

Lọ́dún 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá fi dùndún sí i. Ọ̀rọ̀ dàrú! Wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà ò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ń jó sí gángan ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi báyìí, ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, àmọ́ fún ọmọ kátíkíìsì nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ì bá tọrọ àforíjì kó yọ ìlù kúrò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé orin ẹ̀ jáde, ó ń ṣe é kiri ilé ìwé, ó gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ulli Beier, òyìnbó Jámánì tó ń gbé Òṣogbo, sì dúró tì í gbágbáágbá.

Ládípọ̀ ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1962, ilé ọtí yẹn di Mbárí Mbáyọ̀. Ọ̀rọ̀ Íbò ni Mbari o, látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà á. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá: ohun téèyàn bá rí, táá yọ̀. (Àwa náà kúkú gbọ́n!)

Nígbà tó pé ọdún kan, lọ́dún 1963, wọ́n ṣe Ọba Kò So níbẹ̀. Ìtàn Ṣàngó, Gbọ̀nkáà àti Tìmì Ẹdẹ ni, Ẹdẹ tó wà nítòsí wa níbí. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni Ọya. Lọ́dún 1964, wọ́n gbé eré náà dé Berlin, wọ́n tún gbé e dé ìlú Ọba lọ́dún 1965. Bàtá àti dùndún kan náà ni wọ́n lù fún wọn o, ní èdè Yorùbá pọ́ńbélé, òyìnbó sì ń pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà 1978 ló kú, ẹni ọdún 46 péré. Ọjọ́ 26 oṣù yẹn gan-an ni Àjíǹde bọ́ sí lọ́dún náà.

Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá nílé tó wo eré ní Mbárí Mbáyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí oṣù yìí tó parí. Wọn ò pọ̀ mọ́.